Bíréékì Lajú-dijú

Ta ló sọ̀rọ̀ yẹn? Kó tún un sọ, kí n gbọ́ ọ dáadáa. Ẹ ní rọ́bà sílípáàsì tí mo gé sínú bíréékì ló ṣẹ́ ìyá yín àgbà lẹ́sẹ̀, ẹ sì ń fi í rẹ́rìn-ín. Ẹ jókòó. Ẹ fi fóònù yẹn sílẹ̀ ná. Ẹ ti fi àwòrán hàn mí, ẹ ní ọkọ̀ Jàpáànù àtijọ́ onílẹ̀kùn méjì, irú Lajú-dijú, ti di ohun tí àwọn olówó ń jà lé lórí lókè òkun, ẹ sì fẹ́ mọ ibi tí tiwa wọlẹ̀ sí. Màá sọ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ-ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó ba bíréékì náà jẹ́. Inú ń bí mi. Inú ti ń bí mi kí wọ́n tó bí èyí tó dàgbà jù nínú yín, kò sì sí ẹni tó bi mí léèrè rí.

Ní àwọn ọdún tó tẹ̀ lé 1990 ni mò ń wí. Ṣọ́ọ̀bù mi wà lójú ọ̀nà Igbódigò ní Òkìtìpupa níbí, lábẹ́ igi máńgòrò méjì tó sún mọ́ra. Kò sí ògiri, kò sí géètì. Ìró òòlù àwọn pánẹ́bítà la fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́ tán: kò-kò-kò, kò-kò-kò, títí oòrùn yóò fi kan àtàrí. Èmi kì í lu irin, ẹ́ńjìnnì ni tèmi, etí ni mo sì fi ń ṣiṣẹ́. Bí ọkọ̀ bá ti ń yà kúrò lójú títì, kí awakọ̀ tó yọ kọ́kọ́rọ́, mo ti mọ ohun tó ń ṣe é. Bí etí nìkan kò bá tó, màá gbé sípánà gígùn kan, màá fi ìdí kan kan ẹ́ńjìnnì, màá fi ìdí kejì kan eegun ẹ̀yìn etí mi, gbogbo ohun tó wà nínú irin yẹn á sì máa sọ̀rọ̀ sí mi. Lónìí ńkọ́? Ọmọ kan á gbé ẹ̀rọ tó jọ fóònù wá, á so wáyà rẹ̀ mọ́ ọkọ̀, ẹ̀rọ á kọ nọ́ńbà, ọmọ á ní, "Bàbá, ẹ lọ ra tuntun." Ṣé mẹkáníìkì nìyẹn? Ẹni tí ẹ̀rọ ń rán níṣẹ́ ni.

Igi máńgòrò méjèèjì ti lọ. Wọ́n gé wọn lulẹ̀, wọ́n kọ́ ilé kékeré kan síbẹ̀, ibi tí àwọn géńdé ọkùnrin ti ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Mo bá ibẹ̀ kọjá lánàá. Wọ́n ń pariwo sí ojú tẹlifíṣọ̀n. Kò sí ẹni tó kí mi.

Ẹ má sì rò pé mò ń sọ pé gbogbo wa ló dára nígbà náà. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo kórìíra títí dòní: mánéèjì. Owó náírà ti wó lulẹ̀, páàtì ọkọ̀ ṣọ̀wọ́n, gbogbo oníbàárà tó bá ti dé, ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ ni, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká máa mánéèjì ẹ̀." Wọ́n ń fi páálí ọṣẹ gé gáàsíkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ń fi ìbọ̀sẹ̀ obìnrin ṣe bẹ́lítì títí ọkọ̀ yóò fi délé. Èmi náà gé páálí, n kò ní purọ́ fún yín. Àwọn kan wá ń gé ìdí sílípáàsì, wọ́n ń kì í sínú bíréékì dípò rọ́bà. Ibẹ̀ ni mo ti ní ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ́ńjìnnì tó bá kú, ọkọ̀ á dúró. Bíréékì tó bá kú, ọkọ̀ kò ní dúró. Bí oníbàárà bá ní kí n mánéèjì bíréékì, mo máa ń ní kó wa ọkọ̀ rẹ̀ kúrò lábẹ́ igi mi ni.

Tíṣà Àlàbí ló ni Lajú-dijú. Ará ìhà Ọ̀yọ́ ni, ìjọba ló gbé e wá sọ́dọ̀ wa pé kó wá máa kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Yorùbá. Ẹ gbọ́ o, wọ́n ní kó wá kọ́ àwa Ìkálẹ̀ ní Yorùbá! Bí a bá ní "ọma," á ní "ọmọ." Bí a bá ní "ulé," á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ilé, ẹ̀gbọ́n, ilé." Síbẹ̀ mo fẹ́ràn rẹ̀. Ọlọ́yàyà ènìyàn ni, kò sì mọ ìgbéraga. Ìwà rẹ̀ kan ni pé bó bá gbọ́ ọ̀rọ̀, á tú u palẹ̀ bí mo ṣe ń tú kabúrétọ̀, á gbé orí rẹ̀ síbí, á gbé ìdí rẹ̀ sọ́hùn-ún, á wá ní, "Ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an rèé."

Òun ló wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan pé kí n bá òun lọ sí Kùtọnu, òun fẹ́ ra ọkọ̀. Mo ní irú èwo? Ó ní èyí tó rẹlẹ̀, tó sì lè sáré. Mo ní, "Tíṣà, ṣé ojú ọ̀nà wa yìí náà lẹ ní lọ́kàn?" Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ni òun ti ń wo irú ọkọ̀ yẹn nínú ìwé ìròyìn. Ohun tó wu ni ní í pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni. Mo bá a lọ.

Ẹ ò mọ bí wọ́n ṣe ń ra ọkọ̀. Ẹ̀yin ń ra ọkọ̀ lórí fóònù, ẹ ń wo ọ̀dà. Orí iyanrìn ni wọ́n to ọkọ̀ sí ní Kùtọnu, bí ẹni to iṣu lọ́jà. Mo ní kí ẹni tó ń tà á má ṣe tan ẹ́ńjìnnì kan kan kí n tó fọwọ́ bà á, torí ẹ́ńjìnnì tó bá ti gbóná ti mọ irọ́ pa. Mo kúnlẹ̀. Mo ṣí kápẹ́ẹ̀tì, mo fọwọ́ ra abẹ́ rẹ̀ bóyá omi òkun ti wọ ọ́. Mo fa irin tí a fi ń wọn ọ́ìlì jáde, mo gbóòórùn rẹ̀. A wo ọkọ̀ méje, mo kọ méjèèje. Ìdí ògiri ni Lajú-dijú wà, ó pupa, eruku bò ó, kò sí ẹni tó ń wò ó, nítorí kí ni ọmọ Nàìjíríà fẹ́ fi ọkọ̀ tí kò lè gbé ìyàwó, ọmọ àti àpò gààrí ṣe? Kì í ṣe tuntun, ó ti lo ọdún tó pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ó kígbe lẹ́ẹ̀kan, ó sì rọ̀ sílẹ̀ sí ìró kan báyìí tó tẹ́jú, tí kò gbọ̀n rárá. Mo ti ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ tí n kò lè kà, n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Mo wo Tíṣà, Tíṣà wo mí. Mo ní, "Ẹ san owó fún un kó tó yí ọkàn padà."

Nígbà tí a wà á dé Òkìtìpupa, ìdajì ìlú ló jáde. Iná iwájú rẹ̀ kì í hàn lọ́sàn-án, inú ara ọkọ̀ ló ń sá pamọ́ sí. Bí o bá tẹ bọ́tìnì, méjèèjì á gbé orí sókè lójú bọ́nẹ́ẹ̀tì bí ojú ọ̀pọ̀lọ́, bí o bá sì pa á, wọ́n á wọlé padà. Àwọn ọmọdé ló pariwo, "Ó lajú! Ó dijú!" Orúkọ náà mọ́ ọn lára nìyẹn.

Ó fi ìgbádùn bá wa gbé, ó sì fi wàhálà bá wa gbé. Kabúrétọ̀ méjì ló ní, àwọn méjèèjì sì gbọ́dọ̀ máa mí pọ̀. Mo máa ń ki ọ̀pá rọ́bà kan bọ etí, màá gbọ́ mímí ti ọ̀tún, màá gbọ́ ti òsì, màá yí ìdè kékeré díẹ̀, díẹ̀, títí mímí wọn yóò fi dọ́gba. Ó lè gba odidi àárọ̀. Nígbà kan, mọ́tò kékeré tó ń gbé ojú òsì rẹ̀ ṣàárẹ̀. Tíṣà wa ọkọ̀ lọ sọ́jà, ó páàkì síwájú àwọn ẹlẹ́ja, ojú òsì náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè, ó ń bọ̀ sísàlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ọkùnrin agégẹdú kan dé ṣọ́ọ̀bù mi, ojú rẹ̀ le koko. Ó ní, "Níbo ni tíṣà yẹn wà? Kí ló dé tí ọkọ̀ rẹ̀ ń ṣẹ́jú sí ìyàwó mi?" Mo rẹ́rìn-ín títí ó fi fẹ́ gbá mi létí. Mo fi ọ̀sẹ̀ kan tú mọ́tò yẹn, mo fi òwú wáyà tuntun wé e, kò ṣẹ́jú sí ìyàwó ẹnikẹ́ni mọ́.

Bí ọjọ́ ọdún àwa oníṣẹ́ irin bá dé, a kì í tú ọkọ̀. A máa kó gbogbo sípánà jáde, a ó fọ̀ wọ́n, a ó tò wọ́n sórí àpò, láti orí èyí tó tóbi jù dé èyí tó kéré bí ìka ọmọ. Àwọn ìyàwó wa á gbé púpurú àti ọbẹ̀ ẹja wá. Lọ́sàn-án, gbogbo ọkọ̀ tí a ti tún ṣe lọ́dún yẹn á wá tò síwájú igi máńgòrò, wọ́n á fọn fèrè fún wa lẹ́ẹ̀kan náà. Ti Lajú-dijú tín-ín-rín, èmi nìkan ni mo lè yà á sọ́tọ̀ láàárín ogún fèrè. Ta ló ń fọn fèrè fún mẹkáníìkì lónìí? Èébú ni wọ́n ń bù wọ́n.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n dé ọ̀dọ̀ ìyá yín àgbà. Òde-Ayé ni ẹ̀gbọ́n mi ń gbé, iṣẹ́ epo ló ń ṣe. Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n pẹ̀lú ọ̀pá ìtìlẹ̀, ẹ rò pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí i. Ẹ̀gbọ́n mi ló lẹ́sẹ̀ jù ní gbogbo Òde-Ayé! Nígbà tí kò tíì sí ẹ̀rọ tí ń fún epo káàkiri, inú ẹkù, ìyẹn kòtò ńlá tí wọ́n ń da ẹyìn sísè sí, ni àwọn obìnrin ń wọ̀, wọ́n á máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, wọ́n á máa kọrin, títí epo yóò fi léfòó. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá wọnú ẹkù, àwọn yòókù á jáde nítorí àárẹ̀, òun á ṣì wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ yẹn ló fi tọ́ bàbá yín. Ó sì jẹ́ ọmọ ìjọ Aládùúrà, aláṣọ funfun, tọkàntọkàn. Ìjọ yẹn náà ni Tíṣà Àlàbí ń lọ ní Òde-Ayé, ibẹ̀ ni wọ́n ti mọra.

Ó di àkókò kan, Tíṣà ní bíréékì ń rìn wọlẹ̀ jù lábẹ́ ẹsẹ̀ òun. Mo tú u. Àwọn rọ́bà inú rẹ̀ ti gbó. Mo ní, "Tíṣà, ọkọ̀ yìí kò ní jáde títí n ó fi rí ojúlówó." Mo lọ sí Bẹ́nín lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n fún mi kò bá a mu. Ìgbà kejì, mo mú ògbólógbòó rọ́bà náà dání, mo ń fi wé tuntun láti ìsọ̀ dé ìsọ̀ títí mo fi rí èyí tó bá a mu rẹ́gí. Mo tún ra ọ́ìlì bíréékì tí wọn kò tíì já ìdérí rẹ̀. Mo fi wọ́n sí i ní ọjọ́ Ajé, mo fa gbogbo atẹ́gùn jáde nínú rẹ̀, mo sì wà á fúnra mi lọ, mo wà á bọ̀. Ó ń dúró bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ wá kí mi. Mo ti ránṣẹ́ sí i pé kó bá Tíṣà wọ ọkọ̀ bọ̀ bí Tíṣà bá ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, kó má lọ dúró de mọ́tò. Ó ti máa ń fi ọkọ̀ yẹn ṣe yẹ̀yẹ́, á ní, "Ọma ìyá mi, ọkọ̀ yín yìí rẹlẹ̀ bí ẹní." Mo ní kó wọ̀ ọ́. Mo ní, "Èmi ni mo tún un ṣe." Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́.

Wọn kò dé ọ̀dọ̀ mi. Tíṣà sọ lẹ́yìn náà pé láti àárọ̀ ni ọkọ̀ ti ń wúwo, bí ẹni pé ẹnì kan ń fà á lẹ́yìn, táyà iwájú sì ń rùn bí nǹkan tó ń jó. Kò dúró wò ó. Níbi tí ọ̀nà ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kí wọ́n tó wọ ìlú, ó tẹ bíréékì, bíréékì wọlẹ̀ pátápátá. Ọkọ̀ sá kúrò lójú ọ̀nà, ó fi ẹ̀gbẹ́ kan lu ògiri erùpẹ̀ ẹ̀gbẹ́ títì. Ẹ̀gbẹ́ tí ẹ̀gbọ́n mi jókòó sí ni. Eegun ìsàlẹ̀ orúnkún rẹ̀ ṣẹ́ sí ọ̀nà méjì. Tíṣà jáde, ó gbọn eruku aṣọ rẹ̀ nù.

Ọsibítù tò ó, oníṣègùn eegun tún un tò, kò tọ́ mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kò wọ ẹkù mọ́ láyé rẹ̀. Ìyá tó ń bọ́ ilé wá di ẹni tí ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tó ń ṣa èkùrọ́. Àwọn ènìyàn kò sì wá àlàyé lọ sí ibi jíjìn. Ta ló tún bíréékì ṣe ní ọjọ́ Ajé? Èmi ni. Kí ni àwọn mẹkáníìkì ń kì sínú bíréékì láyé ìgbà náà? Sílípáàsì ni. Ó parí. Bàbá yín, tó jẹ́ pé èmi ni mo kọ́ ọ ní wíwa ọkọ̀, kò kí mi fún ọdún kan gbáko.

Wọ́n wọ́ Lajú-dijú wá sábẹ́ igi mi. Mo tú bíréékì náà. Àwọn rọ́bà tuntun tí mo fi sí i ti wú bí ẹ̀wà tí wọ́n rẹ sómi, wọ́n ti rọ̀, ìka lásán ló ń ya wọ́n. Kò yé mi. Mo fọwọ́ kan ọ́ìlì tó wà nínú rẹ̀, ó ń yọ̀ lọ́nà tí kò yẹ. Mo ní oníṣòwò Bẹ́nín ló ta ayédèrú fún mi. Mo wọ mọ́tò, mo lọ bá ọkùnrin náà nínú ìsọ̀ rẹ̀, mo bú u níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀, mo pè é ní apànìyàn. Ó ń búra, mo ń bú u. Ọkùnrin yẹn kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ojú rẹ̀ ṣì máa ń wá sí mi lọ́kàn, nígbà tí mo sì padà lọ láti tọrọ àforíjì, wọ́n ní ó ti kó kúrò lọ́jà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, inú ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti gbọ́ ọ. Ìkórè ni. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n wá, nítorí wọ́n máa dúpẹ́ ẹ̀mí tí Ọlọ́run dá sí. Mo lọ jókòó lẹ́yìn. Agogo ń dún, tùràrí ń rú, wọ́n to iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti agbọ̀n èso síwájú pẹpẹ. Wọ́n pe Tíṣà Àlàbí pé kó wá jẹ́rìí. Ó dúró nínú aṣọ funfun rẹ̀, ó mọ̀rọ̀ ọ́ sọ.

Ó ní, "Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ní ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tí ọkọ̀ mi fẹ́ pa mí, Wòlíì wa ríran sí mi. Wọ́n ní, 'Àlàbí, ta òróró sí ohun tó ń dá ọkọ̀ rẹ dúró.' Mo délé, mo jókòó, mo tú gbólóhùn náà wò. Kí ló ń dá ọkọ̀ dúró, ẹ̀yin ará? Bíréékì ni! Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo rí agolo kékeré tí wọ́n kọ bíréékì sí lára, mo fa ohun tó wà nínú rẹ̀ dànù, mo rọ òróró àdúrà kún un, mo sì tẹ̀ ẹ́, tẹ̀ ẹ́, títí ó fi wọlé dáadáa. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọ̀tá dé! Ọkọ̀ fò kúrò lójú ọ̀nà. Ẹ wò mí, ǹjẹ́ ẹ rí egbò kan lára mi? Bí kì í bá ṣe òróró yẹn ńkọ́?"

Gbogbo ìjọ pariwo, "Halelúyà!" Agogo tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ yìí, wọ́n ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀, á di odindi. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ tí Wòlíì sọ dénú olùkọ́ èdè Yorùbá, ó di jàǹbá. Òróró ẹ̀pà àti òróró èso ólífì kì í bá rọ́bà bíréékì gbé. Wọ́n á mú un wú, wọ́n á jẹ ẹ́. Mẹkáníìkì kan ṣoṣo ló wà nínú ilé náà, òun nìkan ló sì mọ ohun tí Tíṣà ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́wọ́ níwájú pẹpẹ.

Mo dìde. Mo kígbe, "Tíṣà! Ìwọ lo bà á jẹ́! Òróró yẹn ló jẹ rọ́bà!" Kò sí ẹni tó gbọ́ mi nínú ariwo orin, àwọn tó gbọ́ sì rò pé ẹ̀mí òdì ló wọ̀ mí. Àwọn ọkùnrin méjì di apá mi mú, wọ́n rọra sìn mí jáde. Mo wẹ̀yìn, mo rí ẹ̀gbọ́n mi. Ó na ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀ sókè, ó ń kọ "Halelúyà," omi ń dà lójú rẹ̀.

Mo lọ bá Wòlíì ní ọjọ́ kejì. Àgbàlagbà ni, kì í ṣe ènìyàn burúkú. Mo rò fún un. Ó ní ẹnu géètì Tíṣà ni òun ní lọ́kàn, pé òun rí ohun ìdènà níbẹ̀, kí ó ta òróró sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó jáde. Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀?" Ó ní, "Mo rò pé yóò yé e. Ṣebí tíṣà Yorùbá ni." Mo ní kí a jọ lọ ṣàlàyé fún ìjọ ní ọjọ́ ìsinmi. Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, ìjọ ti yọ̀ ná."

Ìjọ ti yọ̀ ná! Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ tó pa mí láàyè. Tíṣà ńkọ́? Mo bá a délé, mo tú gbogbo rẹ̀ fún un. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó yé e. Ṣùgbọ́n ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe ohun tí Ọlọ́run ṣe la ó máa tú palẹ̀." Ẹni tó ń tú gbogbo ọ̀rọ̀ palẹ̀! Kò tó oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà tí ìjọba gbé e kúrò lọ sí ìlú mìíràn, kò sì wá dágbére. Lajú-dijú wà lábẹ́ igi mi títí ewéko fi gba inú rẹ̀ jáde, títí àwọn tí ń ra irin pàǹtí fi gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, tí wọ́n kó o lọ nígbà tí n kò sí nílé. Ibi tí tiwa wà nìyẹn. Ó ti lè di ìkòkò ìdáná.

Mo kó àwọn rọ́bà wíwú yẹn sínú ìwé, mo gbé wọn lọ sí Òde-Ayé fún ẹ̀gbọ́n mi. Mo fi tuntun kan tó ṣẹ́kù sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo bu òróró sínú abọ́ kékeré, mo ju tuntun náà sí i níwájú rẹ̀, mo ní kó fi í síbẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, kó fojú ara rẹ̀ rí i. Nígbà tí mo padà wá, rọ́bà náà ti wú. Ẹ̀gbọ́n mi fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ọma ìyá mi, òróró Ọlọ́run éè ṣẹ́ ni lẹ́sẹ̀. Uṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ló lè bàjẹ́. Mo ti dárí jì ọ́, fi ọkàn balẹ̀." Ìgò òróró kan náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èyí tó fi ń pa ẹsẹ̀ náà láràárọ̀, tó ń retí pé yóò tọ́. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Kí n já ìyẹn náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀? Mo kó rọ́bà mi, mo lọ.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ yóò bá a. Ta ló sọ ọ́? Kó wá wo tèmi. Àwọn oníbàárà mi lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọn kò bú mi, wọ́n kàn ń gba ọ̀nà mìíràn ni. Ẹ̀gbọ́n mi sì ń gbàdúrà fún mi láràárọ̀ níwájú àwọn ọmọ rẹ̀ pé kí Olúwa má ka ọ̀rọ̀ bíréékì sí mi lọ́rùn. Bí ìtàn yẹn ṣe dé etí yín nìyẹn. Kì í ṣe ọ̀tá ló ń sọ ọ́, ẹni tó fẹ́ràn mi jù láyé ni.

Ẹ rántí ọ̀sán tó kú. Gbogbo yín wà níta, wọ́n ní kí èmi nìkan wọlé. Oòrùn wọlé láti ojú fèrèsé dé orí bẹ́ẹ̀dì. Ó ti tín-ín-rín. Ó ní, "Ọma ìyá mi, láti ọjọ́ yẹn, o kò tíì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi rí. Àwíjàre lò ń wí. Tọrọ ẹ̀ báyìí, kí ọkàn mi fúyẹ́, kí n lè máa lọ."

Inú bí mi, ẹ má jẹ́ kí n tàn yín. Lẹ́bàá ikú ẹ̀gbọ́n mi, inú bí mi gidigidi. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ṣẹ̀. Rọ́bà tí kò dára ni mo fi sí i. Ẹ dárí jì mí." Ó rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ sí mi, ó di ọwọ́ ọ̀tún mi mú, kò sì fi í sílẹ̀ títí ẹ̀mí fi bọ́. Ọwọ́ tó dì mú yẹn náà ni mo fi tún bíréékì yẹn ṣe, kò sì sí àṣìṣe kankan nínú iṣẹ́ náà.